Àpò Kékeré Tí Sisí Áyọ́ọ̀nù Lọ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àga yẹn, torí ìdí àga yẹn ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àga onítìmùtìmù kan ló wà nídìí káúńtà ilé ìfọṣọ náà. Fáànù kékeré kan wà lókè rẹ̀ tó máa ń yíjú síbí, yíjú sọ́hùn-ún, bí ìyá tó ń wá ọmọ láàárín èrò. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lọ́rùn, oníbàárà á sì kọ́kọ́ kí i kó tó sọ ohun tó bá wá. Nínú yàrá ẹ̀yìn tí Sisí Áyọ́ọ̀nù ti ń lọṣọ, fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri tí wọ́n máa ń gba ibẹ̀ na aṣọ síta. Ojú fèrèsé yẹn ló ti máa ń rí àga náà. Ó ti ń wò ó láti ìgbà tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ kọ́là, tí ooru áyọ́ọ̀nù ṣì máa ń pa á lẹ́kún.

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Sisí Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn ń pè é, torí ojú rẹ̀ ò gba aṣọ tó bá rún. Aṣọ ìnujú, aṣọ ìnulẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan tó gé ara rẹ̀ níka, tí wọ́n fẹ́ fi àkísà dì í, ó ní kí wọ́n dúró ná, ó sì kọ́kọ́ lọ àkísà náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó.

Màdáàmù tó ni ilé ìfọṣọ ló ń jókòó sórí àga yẹn. Nígbà kan tí orúnkún ń dùn ún, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Sisí pé, "Ọjọ́ tí orúnkún yìí bá kọ̀ fún mi pátápátá, ìwọ lo máa jókòó síbí." Bóyá Màdáàmù ti gbàgbé. Sisí ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ, òun ló ń mu, òun ló fi ń fara da ooru.

Ẹlòmíì tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, àbíkẹ́yìn ilé wọn. Òun ni wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń rìn bíi pé ilẹ̀ ń gbóná. Sisí ló mú un wá síbi iṣẹ́ nígbà tó jáde ilé ìwé. Sisí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di áyọ́ọ̀nù mú. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé, gíláàsì kan náà ni wọ́n fi ń wojú. Ẹnì kẹta wọn ni Bàbá Ọṣẹ tó ń fọṣọ, àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ò ní dákẹ́.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Báyìí ni àwọn àlejò tí wọn ò gbọ́ èdè kankan àfi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wá. Lọ́jọ́ kan tí Màdáàmù lọ rí dókítà, Bàbá Ọṣẹ ló bá a dúró sí káúńtà. Ọkùnrin kan mú kóòtù funfun tó ní àbàwọ́n wá, ó béèrè bóyá àbàwọ́n náà á lọ. Bàbá Ọṣẹ na àtàmpàkò sókè sí i, ó ní, "It will go." Àbàwọ́n ò lọ. Ariwo tí oníkóòtù pa lọ́jọ́ tó padà wá, àwọn tó wà ní òdìkejì títì gbọ́ ọ. Bàbá Ọṣẹ ní kí wọ́n má bá òun wí, Gẹ̀ẹ́sì tí òun ní náà nìyẹn.

Màdáàmù kó gbogbo wọn jọ. Ó ní orúnkún òun ti kọ̀, ìgbà tó bá fi di oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíì ló máa wà níbẹ̀. Sisí ti fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. Màdáàmù ní, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nǹkan lè rí báyìí, ó sì lè má rí báyìí, láì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti bá tíṣà kan sọ̀rọ̀, yóò máa wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá gbọ́ ọ jù, òun ló ni àga.

Ẹ̀rín Sisí kú sí i lẹ́nu. Ó wo àbúrò rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń to háńgà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Tíṣà dé. Arúgbó ni, ó ti fẹ̀yìntì, kóòtù rẹ̀ sì rún bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó pọ̀ ọ́. Gbogbo ara ń yún Sisí bó ṣe ń wò ó. Ìdí tábìlì ìlọṣọ gígùn inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ṣe kíláàsì. Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ò le, ọwọ́ lásán lèèyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè kọjá orí, ó ní bí o ò bá rí nǹkan ṣùgbọ́n tó dá ẹ lójú gidi, "must" nìyẹn. Ó sọ ọwọ́ wálẹ̀ sí àyà, ó ní bó bá ṣeé ṣe, "may" nìyẹn. Ó tún sọ ọ́ wá síbi ìbàdí, ó ní bó bá kàn ṣeé ṣe díẹ̀, tí o ò fẹ́ kí wọ́n dì ẹ́ mú lọ́la, "might" nìyẹn, tàbí "could". Ó wá bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, ó ní èyí tí ò lè ṣeé ṣe láéláé, "can't" nìyẹn. Bàbá Ọṣẹ ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ má ṣe mú òun dé "can't", bí òun bá dé ilẹ̀, ìbàdí òun ò ní jẹ́ kí òun dìde mọ́.

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti rí àwọn àpò kékeré. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Bí oníbàárà bá gbàgbé nǹkan sínú àpò aṣọ, Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló máa ń da nǹkan náà sínú àpò kékeré funfun kan, á so ó lẹ́nu, á fi píìnì kọ́ ọ mọ́ kọ́là, aṣọ náà á sì máa gbé e kiri títí dé ọwọ́ olówó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u. Màdáàmù ò lófin púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ń tú àpò aláàpò, kó máa lọ fọ aṣọ ilé tirẹ̀.

Inú Tíṣà dùn. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyí, nǹkan tó wà níwájú èèyàn tí èèyàn ò sì mọ̀. Wọ́n máa fọwọ́ kàn án láti ìta, wọn ò ní tú u, wọ́n á wá sọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ó gbé ọ̀kan fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó di ojú, ó ní, "It might be a key. It could be a small spoon." Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "It can't be a goat."

Bàbá Ọṣẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí gbọ́n." Ó kàn sọ ọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún Sisí níbi kan tó ti pẹ́. Ìyá wọn máa ń fi àwọn méjèèjì hàn àlejò nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, á ní, "Èyí ni ọmọ mi tó lágbára, èyí ni ọmọ mi tó gbọ́n." Sisí ò gbàgbé ẹni tí wọ́n ń nàka sí fún èwo.

Látọjọ́ náà ni owú ti wọ̀ ọ́ lára. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ń se oúnjẹ nílé, tó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òjò might rọ̀, Sisí á ní kó rọ̀, kó pa ẹ́, kó o rí i. Áyọ́ọ̀nù tó máa ń gbaná jẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ ti là, Sisí tì í sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó ní òun ti lò ó tó. Ó ń ṣọ́ ojú Tíṣà, iye ìgbà tó ń wo apá ibẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í léèrè pé ṣé òun ṣẹ̀ wọ́n ni. Sisí ní kí ló fẹ́ fi ṣẹ òun, ṣé òun ò ní ẹlòmíì tó lè ṣẹ òun ni?

Ohun tí Sisí rò ni pé ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú àpò ló máa gba àga. Ó rọrùn lójú tiẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé láàárọ̀. Á tú àpò, á wo inú rẹ̀, á so ó padà. Ṣùgbọ́n ẹnu àpò tí wọ́n bá ti tú máa ń rún, àwọn ìlà kéékèèké á jáde lára rẹ̀, Sisí ò sì lè fi aṣọ tó rún sílẹ̀. Kó tó so ó, á fi imú áyọ́ọ̀nù gbá a, wẹ́rẹ́. Ó tiẹ̀ rò pé ìyẹn ló máa bò ó láṣìírí.

Nígbà tí kíláàsì tún pé, Tíṣà gbé àpò kan fún un. Sisí ò tiẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ní, "It is a button."

Tíṣà béèrè pé báwo ló ṣe mọ̀.

"Mo kàn mọ̀ ni, sà."

Tíṣà ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ ò nílò ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kó sọ ọ́ bí ẹni tí ò mọ̀. Sisí ní bọ́tìnnì ni, sà, wọ́n lè tú u wò. Tíṣà mi orí, ó gbé àpò náà fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyẹn ní ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ẹ̀wà, ó lè jẹ́ yẹtí. Ó ṣì í, kò gba ẹyọ kan. Tíṣà tún pàtẹ́wọ́.

Sisí padà sídìí iṣẹ́, ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan bíi pé ṣẹ́ẹ̀tì náà ló jẹ ẹ́ níyà. Ó sọ fún Bàbá Ọṣẹ pé irú kíláàsì wo nìyí, ẹni tó gbà á ni wọ́n ń bá wí, ẹni tí ò gbà á ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Bàbá Ọṣẹ ní ìdí tí òun fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, láyé òun, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń yin òun fún ohun tí òun ò mọ̀.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọgbọ́n tuntun sọ sí Sisí lọ́kàn. Bó bá jẹ́ "might" ni wọ́n fẹ́, òun náà á fún wọn ní "might". Òun á wo inú àpò, òun á wá sọ ohun tí òun rí bíi pé òun ò rí i. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á ṣì í, òun á gbà á, àwọn méjèèjì á jọ sọ "might". Ta ni wọ́n á wá fún ní àga? Ó fi ìyẹn sùn, ó sùn dáadáa.

Ọjọ́ tí Màdáàmù fẹ́ wá gbọ́ wọn pé. Láàárọ̀, kóòtù aláwọ̀ eérú kan ló wà lórí háńgà, àpò kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Àlejò òtẹ́ẹ̀lì kan ló ni ín, Tíṣà sì ti ní èyí làwọn máa lò. Yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Sisí tú u. Òwú funfun ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀. Ó ṣí òwú. Eyín ọmọdé kan ló wà nínú rẹ̀, eyín iwájú, kékeré bí ìrẹsì, wọ́n sì fi ríbọ́ọ̀nù píǹkì so ó. Bàbá kan ló ń gbé eyín ọmọbìnrin rẹ̀ kiri. Ọkàn Sisí rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí àga. Ó dá gbogbo ẹ̀ padà bó ṣe wà, ó lọ ẹnu àpò náà, ó so ó, ó sì fi píìnì kọ́ ọ padà.

Màdáàmù jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá Ọṣẹ ló kọ́kọ́ gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "It must be bread." Màdáàmù ní búrẹ́dì kẹ̀, nínú kóòtù? Bàbá Ọṣẹ ní ebi ń pa òun ni, mà.

Ó kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka méjì rẹ̀ yẹn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nǹkan tó rọ̀ ló wà níta, ó lè jẹ́ òwú, nǹkan líle kan wà láàárín rẹ̀, ó lè jẹ́ yẹtí, ó lè jẹ́ òkúta wẹ́ẹ́rẹ́, kò lè jẹ́ owó. Ó wá ní ohun yòówù kó jẹ́, ẹni tó dì í báyìí ti ní láti fẹ́ràn rẹ̀. "He must love it," ló wí. Màdáàmù mi orí lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀.

Sisí rí orí tó mì yẹn. Ó gba àpò náà, ó díbọ́n bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "It might be a tooth."

Tíṣà gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹ ò rí i, ó ti mọ̀ ọ́n, ó dáa gan-an. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ó wo Màdáàmù, Màdáàmù ò mi orí.

"It might be a girl's tooth," ló tún wí.

Orí Màdáàmù dúró síbi tó wà.

"It could have a ribbon. A pink ribbon."

Áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń mí, ṣíì, ṣíì. Bàbá Ọṣẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màdáàmù na ọwọ́ gba àpò náà. Ó gbé e sórí itan, ó yọ àpò méjì mìíràn kúrò lára àwọn aṣọ tó wà nítòsí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn yẹn rún bí ojú arúgbó. Èyí tẹ́jú, ìlà ẹnu rẹ̀ gún régé bíi ti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ìyàwó.

"Àpò yìí mà lọ̀ dáadáa o," ni Màdáàmù wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ó wá kọjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ara ìdánwò náà ni. "Could she have guessed it?"

Sisí gbójú sílẹ̀. Ó ní ó tán. Ó mọ ohun tí òun fúnra òun máa sọ ká ní òun ni wọ́n bi. Òun á na ọwọ́ kan ilẹ̀. Òun ò tiẹ̀ ní ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àpò. Ó ní, "She might have, ma." Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi ìbàdí, bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀.

Màdáàmù wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó fi àpò náà sínú àpò ara rẹ̀. Ó ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni káúńtà láti ọjọ́ Ajé, àpò kankan ò sì tún gbọ́dọ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn mọ́, ẹ̀yìn káúńtà ni wọ́n á máa kọ́ gbogbo wọn sí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Sisí, padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ. Ó ti ń tutù."

Àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sílé. Wọ́n ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú u, àbí ẹ ò tú u?"

"Mo tú u."

"Mo mọ̀. Mo ti ń rí àwọn àpò tó ń dán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ìgbà tó o mọ̀, kí ló dé tí o ò sọ? Ṣé kí n lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ títí ayé ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró. "Bí mo bá sọ ọ́, ibo lẹ máa ti lọṣọ lọ́la? Èmi àti ta ni á máa rìn wá sílé?"

Sisí ń rìn lọ ní tiẹ̀. Kí n sọ òtítọ́, inú rẹ̀ ò rọ̀ rárá. Ńṣe ni owú náà tún le sí i. Ọmọ yìí gba àga, ó gba ìyìn lẹ́nu Tíṣà, ó tún wá gba èyí tó dára jù, ó ṣe oore fún òun níwájú gbogbo èèyàn, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ṣe é. Kò tiẹ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ fún òun.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé búláòsì funfun kan jáde látinú àpótí. Èyí ló fẹ́ wọ̀ lọ sí káúńtà. Ó rún. Ó gbé e kiri inú yàrá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó tún gbé e kúrò. Ó bẹ̀rù àtibéèrè.

"Gbé e wá," ni Sisí wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi, mo lè lọ̀ ọ́ fúnra mi."

"Ìwọ tó o máa ń lọ kọ́là bí etí ewúrẹ́? Gbé e wá jàre."

Ó tẹ́ búláòsì náà. Ó wọ́n omi sí i. Inú ń bí i, ojú rẹ̀ ń ta á, áyọ́ọ̀nù sì ń gbóná. Ó rọrùn kéèyàn kàn gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì ní òun ò mọ̀. Ó ronú kan ìyẹn, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró sókè díẹ̀, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́là, ó lọ èjìká, ó lọ apá òsì, ó lọ apá ọ̀tún, ó yí i dà, ó tún lọ ẹ̀yìn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí bí èèyàn bá jókòó sórí àga.